Ẹ bi agbábọ́ọ̀lù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Láti ọdún 2024 tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City ti bọ́ sí líìgì tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí, ta ni kò mọ ọmọ kan, láti Ìgbógbó dé Ìmọ̀ta, tó ń sọ pé bọ́ọ̀lù lòun máa fi jẹun? Inú wa dùn sí i. Ohun tí a ò fara mọ́ ni bí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ṣe ń díwọ̀n ìgbaradì: bí òógùn bá ti ń kán tó-tó-tó, tí ẹnì kan sì ti bì, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ti dójú ẹ̀.

Ẹ bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi wá ọ̀nà tó dáa ju ìyẹn lọ, owó ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù ń wọ ẹ̀wù tó ní GPS, ẹ̀rọ tó ń ka bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó, FIFA sì ti gbà á láyè nínú ìdíje láti 2015. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀nà tí Carl Foster, onímọ̀ eré ìdárayá ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ kò ju ìwé àti bíírò lọ, àwọn ẹgbẹ́ ńlá náà sì ń lò ó. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìgbaradì, wọ́n á bi agbábọ́ọ̀lù pé láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe le tó? Wọ́n á wá fi iye ìṣẹ́jú tí ìgbaradì gbà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn ló ń fi bí iṣẹ́ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára tó hàn. Bí wọ́n bá lo ìṣẹ́jú 90, ẹni tó pè é ní 7 ní 630, ẹni tó pè é ní 4 ní 360. Pápá kan náà ni o! Ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, torí kóòṣì ò mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ti ń ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ kó tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù.

Irọ́ ló máa ba nǹkan yìí jẹ́. Ta ló máa jẹ́wọ́ pé ó ti rẹ òun, nígbà tó mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ló kàn? "Kò sí wàhálà, sà," la máa ń gbọ́, ẹni tó ń sọ ọ́ sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. (Àwa òǹwòran la tún máa ń pàtẹ́wọ́ fún un.) Ní kọ̀rọ̀ ni kí kóòṣì ti bi àwọn agbábọ́ọ̀lù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ ọmọ nítorí iye tó pè.

Àkọsílẹ̀ yìí ò lè ṣiṣẹ́ dókítà o. Agbábọ́ọ̀lù ni Samuel Okwaraji tó ṣubú lórí pápá ní Súrùlérè lọ́dún 1989, tó sì kú; bẹ́ẹ̀ náà ni Chineme Martins ní Lafia lọ́dún 2020. Àyẹ̀wò ọkàn ṣì pọn dandan lọ́tọ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ àtàwọn tó ń ṣètò ìdíje ló lè mú un ṣẹ. Ẹgbẹ́ tí kò bá mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wá, kí wọ́n má gba orúkọ rẹ̀.