Kùrukùru Òkun Kì í Fa Òtútù Àyà

Ilé tí kò lọ́mọ ní Kánádà ti ń wọ́n ní Òṣogbo. Bí ọmọ bá sì bímọ níbẹ̀, tí ìyá fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ, ìkìlọ̀ tí àwọn ará Ọjà Ọba máa ń dì mọ́ gààrí àti èlùbọ́ rẹ̀ ni pé, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí kùrukùru ìlú òyìnbó fẹ́ sí yín láyà o. Òtútù àyà ní ń fà." Àwọn tó kàwé náà ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pàápàá.

Irọ́ ni. Ó sì ń fi ìgbádùn du àwọn ìyá wa.

Ẹ wo Peggy's Cove, abúlé apẹja kékeré kan tó fi nǹkan bíi kìlómítà 43 jìnnà sí Halifax, ìlú ńlá kan létí òkun ní ìlà oòrùn Kánádà. Kò sí iyanrìn níbẹ̀ bíi ti etíkun Èkó. Àpáta ràbàtà-ràbàtà ló tẹ́ lọ títí tó fi wọnú òkun, ilé pákó mélòó kan rọ̀gbà ká ebúté tóóró kan, ilé gogoro funfun tó ní fìlà pupa, tí wọ́n kọ́ ní 1915 láti máa tanná fún ọkọ̀ ojú omi, sì dúró lórí àpáta. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn èèyàn ti ń wá a wò. Ṣùgbọ́n Mọ́mì tiwa á jókòó sínú mọ́tò, á ká gíláàsì sókè, á fi gèlè bo etí méjèèjì, á máa dúró de àwọn ọmọ. Wọ́n ní kùrukùru ti sọ̀.

Kí wá ni kùrukùru ọ̀hún? Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, tó kún fún omi, ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà gúúsù. Bó bá wá kan omi òkun tó tutù nini tó ń ṣàn bọ̀ láti ẹ̀bá Labrador lókè àríwá, omi inú rẹ̀ á dì pọ̀ di ẹ̀kán wínníwínní. Bí èèyàn kò bá ríran kọjá kìlómítà 1 nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tó ń pè é ní kùrukùru gidi. Omi lásán ni. Ìyá tó ń sá fún un yìí kan náà ló máa ń fi aṣọ borí sórí ìkòkò àgbo tó ń ru, kó lè fa ooru rẹ̀ símú nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dí i nímú. Ẹ̀kán omi nìyẹn náà, tirẹ̀ kàn gbóná ni.

Kòkòrò àrùn ló ń fa òtútù àyà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Streptococcus pneumoniae. Àwọn fáírọ́ọ̀sì bíi ti flu náà wà níbẹ̀. Ikọ́ àti sísín la fi ń kó wọn ran ara wa. Òótọ́ ni pé àrùn yìí ń pọ̀ nígbà òtútù, èyí ló sì ń tan aráyé jẹ: nígbà náà ni gbogbo ilé ń tilẹ̀kùn mọ́rí, tí èémí ọ̀kan ń kan ti èkejì, tí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ kì í sì í jẹ́ kí imú fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti lé kòkòrò. Mọ́mì tó wà nínú mọ́tò tí wọ́n tì pa gbọin pẹ̀lú ọmọ-ọmọ tó ń húkọ́ súnmọ́ òtútù àyà ju ẹni tó dúró lórí àpáta lọ.

Mo rò pé Lọ́ńdọ̀nù ló ba kùrukùru lórúkọ jẹ́. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1952, ọ̀kan sọ̀ níbẹ̀ tó pa èèyàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò sí 4,000. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Ṣùgbọ́n èéfín èédú láti ilé àti ilé iṣẹ́ ló há sínú rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1956, èéfín ló dojú kọ. Ta ló lè ṣòfin fún kùrukùru?

Ohun tó yẹ kí àyà wa máa sá fún wà nílé níbí. Eruku ni ọyẹ́. Láti aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá ilẹ̀ Bodélé ní Chad, ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá. Ó ń gbẹ ọ̀fun, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń jí asthma dìde lára ẹni tó bá ní in. Síbẹ̀ kùrukùru òwúrọ̀ orí odò Ọ̀ṣun la ń sá fún, a sì ń rìn nínú ọyẹ́ láìbo imú. Èéfín igi ìdáná tún wà níbẹ̀. Ìyá á pọn ọmọ oṣù mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, á máa fẹ́ná nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Bí ọmọ bá wá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wọ́n á ní kùrukùru ló fẹ́ sí i, wọ́n á fi òrí pa á láyà, wọ́n á dé e ní fìlà òwú. Ọmọ tó ń mí kíákíá, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú bó ṣe ń mí, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà bakitéríà tí mo dárúkọ yẹn wà lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ ní Nàìjíríà, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ní Peggy's Cove fúnra rẹ̀, àpáta ni kí Mọ́mì bẹ̀rù. Èyí tó dúdú létí omi ń yọ̀ gan-an, ìgbì sì lè ru lójijì débẹ̀ lọ́jọ́ tí òkun dákẹ́. Ó ti gbé àlejò lọ rí. Àmì ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n kà á fún un. Kó dúró lórí àpáta tó gbẹ, kó má wọ sálúbàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Láti 2021 pèpéle tuntun kan wà tí ẹni tí orúnkún ń dùn, kódà ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, lè dúró sí wo òkun. Súwẹ́tà àti ẹ̀wù òjò ti tó fún òtútù ibẹ̀. Nígbà mìíràn kùrukùru òwúrọ̀ á ti ká kó tó di ọ̀sán, ẹni tí kò bá sì fẹ́ rí i rárá, oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá ni kó lọ.