Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, àmọ́ Band A mọ̀ ọ́n

Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ó dífá fún "ìwọ ta nìyẹn?" Apá àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa, wọ́n á mirí, wọ́n á panu mọ́, wọn ò ní dé ìdí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀ yẹn gan-an lẹ̀rín wà. Baba tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè ní "ìwọ" lọ́sàn-án, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún, tó bá ti di alẹ́ tí kò síná, ọmọ kékeré kan á gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ilé á sì fi gbogbo ẹnu bi í pé ìwọ ta nìyẹn. Kí ni baba fẹ́ ṣe fún un? Kó ní ọmọ ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Ọmọ ò rí i ni.

Àwa tá a wà ní Àbújá níbí, ó yẹ kí òwe yìí yé wa ju ẹlòmíì lọ, torí ìlú àwọn ẹni ọ̀wọ̀ nìlú yìí. Kò sí àdúgbò téèyàn ò ti lè pàdé Honourable, ẹni tó ti ṣe é rí, ẹni tó fẹ́ ṣe é, àtẹni tó kàn ń bá wọn gbé báàgì. "Ṣé o mọ̀ mí ni?" lẹ máa gbọ́ níwájú ọlọ́pàá, lẹ máa gbọ́ ní báǹkì, lẹ máa gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń tò fún epo. Tó bá wá di bí aago méje alẹ́ ní Kubwa tàbí Karu tàbí apá Lugbe, tí wọ́n mú iná lọ, gbogbo wa á di òjìji kan náà tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ihò kọ́kọ́rọ́.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀gbọ́n, òwe yín yẹn ti gbó, òkùnkùn Àbújá mọ ẹni ọ̀wọ̀ dáadáa." Mi ò rí èsì fọ̀ kíákíá. Òótọ́ ni, láti April 2024 tí ìjọba ti fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpín àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan, tí wọ́n sì ní àwọn yẹn gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, òkùnkùn ti di ohun tó ń mú èèyàn yàtọ̀ síra. Ẹ̀gbẹ́ títì kan á máa tàn yòò, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣú dùdù, títì kan náà o. Ẹni tí kò sí ní Band A tó lówó lọ́wọ́ á fi sólà sórí ilé, á ra ináwátà, á ra jẹnẹrétọ̀ kún un. Ẹni tí kò bá ní á jókòó síta, á máa fi páálí fẹ́ra, á máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ onílé kejì títí oorun á fi gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n owó náà níbi tó mọ. Ẹ rántí October 2024, nígbà tí wàyà ńlá tó ń gbé iná lọ sókè Àríwá bàjẹ́, tí Kánò, Kàdúná, Gòḿbè àti ìlú púpọ̀ sí i wà láìníná fún ọjọ́ púpọ̀. Lítà pẹtiróòlù kan ti lé ní ₦1,000 nígbà yẹn. Alágbàlọ̀ ò rí ọkà lọ̀, onífíríìsà ń kó ẹran tó ti ń rùn dànù, ọ̀gá tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye wákàtí tó fẹ́ tàn án, á pa á, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú jù, á tún tàn án. Kò pẹ́ tí òwe fi padà wá gba ipò ẹ̀.

Ibi tí mo bá àbúrò mi parí ọ̀rọ̀ sí nìyí, pé òkùnkùn tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lè mọ ẹni ọ̀wọ̀, torí àwa la kọ́ ọ. Èyí tó wà lókè òrùlé yẹn ńkọ́? Kò sí Band kankan níbẹ̀. Àwa gan-an ti gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ ò rántí? Ọdún 2007 ni wọ́n fi NigComSat-1 ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti ilẹ̀ Ṣáínà, sátẹ́láìtì tiwa, a yọ̀, a jó. Nígbà tó máa fi di November 2008 ó ti kú, sólà tó ń fún un níná ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Àní lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, iná Nàìjíríà lọ. December 2011 ni wọ́n tó fi òmíì rọ́pò ẹ̀. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá ń kọjá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àti ojú ọ̀run lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀rín á kàn máa pa mí nínú mọ́tò, àwọn èrò á máa wò mí.

Òwe míì tó jẹ mọ́ ojú ọ̀run tí mo fẹ́ràn ni èyí tó ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni. Àgùàlà ni ìràwọ̀ tó máa ń mọ́lẹ̀ jù yẹn, tẹ́ ẹ máa ń rí lápá ìwọ̀ oòrùn tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ó di ìdájí kó tó yọ. Kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀, ayé bíi tiwa ni, òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Ó máa ń sún mọ́ oṣù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé ajá tó ń tẹ̀ lé olówó ẹ̀ ni. Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí o. Oṣù fẹ̀ tó 3,474 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. "Ajá" ẹ̀ fẹ̀ ju 12,000 lọ, díẹ̀ ló fi kéré sí ayé wa yìí. Oṣù wà ní nǹkan bíi 384,000 kìlómítà sí wa, àgùàlà ní tiẹ̀, kódà nígbà tó bá sún mọ́ wa jù, ó ṣì lé ní 38 mílíọ̀nù kìlómítà. Ajá ju olówó ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀! Ọ̀nà jíjìn ló jẹ́ kó kéré lójú wa.

Ohun tó wú mi lórí ni pé òwe yẹn ò sọ pé ajá oṣù ni o, "wọ́n ṣe bí" ló wí. Àwọn tó pa á ti fura. Wọn ò ní ẹ̀rọ awò-ìràwọ̀ kankan, àmọ́ wọ́n ti rí i láàárín ọmọ aráyé pé ẹni tó ń rìn lẹ́yìn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ wò ó ní Àbújá níbí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń rìn lẹ́yìn mínísítà, tó wọ kaftan tí kò gbayì, ẹ bi àwọn kọngílá bóyá òun kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé owó wọn.

Ti oṣù fúnra ẹ̀ tún wà. Oṣùpá lé, ẹ ní kò gún, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Ní òkè Àríwá níbí, ọ̀rọ̀ oṣù tuntun kì í ṣe eré, tí ààwẹ̀ bá ku ọ̀la, gbogbo èèyàn á jáde gbójú sókè, a ó máa retí kí Sultan Sókótó kéde bóyá wọ́n ti rí i. Tí wọ́n bá rí i, ẹ̀yìn ló máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lélẹ̀, ṣóńṣó ẹ̀ méjèèjì á kọjú sókè. Kò gún lóòótọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé ìtòsí ìlà tó gba àárín ayé kọjá, tí wọ́n ń pè ní equator, la wà, ọ̀nà tí oòrùn àtoṣù ń gbà wọ̀ níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dorí kodò tààrà, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń rí oṣù yẹn kan náà lóòró ju tiwa lọ. Ọwọ́ èèyàn sì ti tó o o, kì í ṣe pé kò tó o. Láti 1969 tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin kọ́kọ́ dé ibẹ̀, títí di 1972, èèyàn 12 ló tẹ ilẹ̀ oṣù. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe nínú wọn, òkúta ni wọ́n ṣà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí òkùnkùn, torí ìbéèrè kan wà tó dà bí ìbéèrè ọmọdé, mi ò sì ro pé ọmọdé nìkan ló yẹ kó máa bi í: kí ló dé tí ilẹ̀ fi ń ṣú? Ẹ máa sọ pé oòrùn ti wọ̀ ni. Dókítà kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Heinrich Olbers, tó máa ń wo ìràwọ̀ lálẹ́ láti ilé ẹ̀ ní Bremen, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1823 pé ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Tí ìràwọ̀ bá wà káàkiri láìlópin, tí wọ́n sì ti ń tàn láti ayérayé, ibi yòówù kéèyàn kọjú sí lálẹ́, ìràwọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo òkè ni ì bá máa tàn bí ojú oòrùn, kò ní sóhun tó ń jẹ́ alẹ́. Ìdáhùn tí wọ́n padà rí ni pé àgbáńlá ayé yìí lọ́jọ́ orí, nǹkan bíi 13.8 bílíọ̀nù ọdún. Ìmọ́lẹ̀ yára lóòótọ́, ti oṣù kì í ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ lọ kó tó dọ́dọ̀ wa, ti oòrùn ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àmọ́ àwọn kan wà tó jìnnà débi pé láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀, tiwọn ò tíì dé. Ibi tó jìnnà jù náà ò sì dúró sójú kan, ó ń sún sẹ́yìn ni, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á máa fà títí á fi di irú èyí tójú wa ò lè rí mọ́.

Nítorí náà, apá kan òkùnkùn tá à ń wò yẹn, iná tó ṣì wà lójú ọ̀nà ni. Bí èrò tó gbéra n'Ìbàdàn láàárọ̀ tí gósíló Lọ́kọ́jà dá dúró, tí àwọn ará ilé ẹ̀ ní Gwagwalada ti ń wo aago, kò tíì dé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò kúrò nílé. Èyí máa ń tù mí nínú, mi ò mọ̀dí ẹ̀.

Ní February 14, 1990, ẹ̀rọ kan tí Amẹ́ríkà ti rán lọ láti 1977, Voyager 1, yíjú padà láti ibi tó tó bílíọ̀nù mẹ́fà kìlómítà, ó ya ayé wa ní fọ́tò. Ààmí bíńtín ló jáde. Villa wà nínú ẹ̀, ààfin Sókótó wà nínú ẹ̀, ààfin Ọ̀yọ́ náà, gbogbo àwọn tó ń bi ọlọ́pàá pé ṣé o mọ̀ mí, gbogbo wa pátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí fọ́tò yìí á ní ẹ ò rí i báyìí pé asán ni ọmọ èèyàn. Èmi ò gbà. Òwe ò sọ pé ẹni ọ̀wọ̀ ò sí. Ó ní òkùnkùn ò mọ̀ ọ́n. Baba ṣì ni baba nínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ló kàn kù kó sọ. Ẹni tí wọ́n bi pé ta nìyẹn tó bá ń fapá jánú pé wọn ò bọ̀wọ̀ fóun, á pẹ́ níta. Kó dáhùn, kó sì dáhùn dáadáa, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé "èmi ni" nìkan ni wọ́n máa wí. Èmi ta? "Èmi náà ni." Kò sẹ́ni tí kì í ṣe "èmi" lójú ara ẹ̀, bàbá!

Alájì tó jẹ́ àgbà ní kọ́ńpáùǹdù wa, ará Ọ̀fà, mọ èyí. Tó bá ti ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìṣáà tí ilẹ̀ ṣú, láti géètì ló ti máa ń wúkọ́, tí máígáàdì bá ké "wane ne?", á dárúkọ ara ẹ̀ àti nọ́ḿbà yàrá ẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò rí i bí àrífín rárá.

Òun ni mo sọ ọ́ fún lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, pé Voyager yẹn gbé àwo kan tí wọ́n fi góòlù bò dání, pé wọ́n ti gbohùn ìkíni ní èdè 55 sínú ẹ̀, bóyá ẹnì kan máa pàdé ẹ̀ lọ́nà, àti pé ó ti kọjá 24 bílíọ̀nù kìlómítà báyìí tó ṣì ń lọ. Ó ní Yorùbá wà níbẹ̀ dájúdájú. Mo ní rárá sà, kò sí, Haúsá náà ò sí. Inú bí i. Àwa tá a ní ìkíni fún ẹni tó ń dirun, ẹni tó jókòó, ẹni tó dìde! Ìyá Ìbejì dá sí i láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ó ní "Alájì, ẹ bá wọn fi ẹ kú ilé sí i, ṣebí ilé wọn là ń lọ." Máígáàdì ní tòun ò ṣòro, assalamu alaikum ti tó, mo sì ní fún un pé wọ́n ti bá a kí wọn, torí Lárúbáwá wà nínú 55 yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí. Alájì ṣì ń mirí. Ó ní gbogbo yín ò mọ̀ ọ́n wí, èèyàn kì í kí onílé láti ìta láìkọ́kọ́ kágò. Ìyá Ìbejì ní tí wọn ò bá wá dáhùn àgò ńkọ́? Ó ní ẹ tún un ká.