Iyọ̀ ìsebẹ̀ kọ́ ló ń sọ táǹkì di òkun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá ní táǹkì ńlá fún ẹja odò lè da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí i lónìí, kó sì kó iyùn ààyè (ẹ̀dá òkun ẹlẹ́mìí tó le bí òkúta) sínú rẹ̀ lọ́la. Rárá o, ẹ máa pa nǹkan ẹlẹ́mìí.

Omi òkun ju omi oníyọ̀ lọ. Nínú lítà kan, èròjà kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó mílígíráàmù 400, èròjà magnesium sì lé ní 1,200. Kálísíọ̀mù yẹn ni iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún ẹja òkun ni kẹ́ ẹ rà, bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Táǹkì lítà 400 á gbà tó kìló 14, a ò tíì sọ ti omi tí ẹ óò máa pààrọ̀. (Owó ńlá ni, ẹ má tan ara yín.)

Ọ̀rọ̀ "lọ́la" yẹn ló burú jù. Bakitéríà tó ń sọ amóníà, májèlé inú ìgbẹ́ ẹja, di nitrite tóun náà jẹ́ májèlé, tó tún ń sọ ọ́ di nitrate tí kò le tó bẹ́ẹ̀, kì í sábà la iyọ̀ já bó bá jẹ́ ti omi odò. Òmíràn ló máa hù, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ máa yẹ omi wò títí amóníà àti nitrite yóò fi di òdo.

Bí ẹ bá sì ti lo oògùn oníbàbà nínú táǹkì náà rí, ẹ da yanrìn àti òkúta àtijọ́ nù, torí bàbà ń pa iyùn àti edé. Ẹja odò ńkọ́? Ẹ wá ibòmíì fún wọn kí iyọ̀ tó dé.