Èrò ọkàn mi: Ohun èlò ilé tí ó yẹ kí a gbé sínú àpótí ẹja

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohun èlò ilé sínú àpótí onídígí tí ó fi ń sin ẹja, mo fẹ́ kí ó rántí pé ẹja náà kò ní ibi tí yóò sá sí. Odò Ògùn ń ṣàn, ohun tí ó bá yọ́ sínú rẹ̀ a máa bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ojú kan ni omi àpótí dúró sí, inú rẹ̀ náà sì ni ẹja ń mí sí tọ̀sán tòru.

Agogo idẹ kékeré kan wà nínú ẹbí wa tipẹ́. Mo gbé e sínú àpótí ẹja mi ní ilé wa ní Abẹ́òkúta níbí, nítorí pé ó ń dán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ìṣáwùrú fi sé ara wọn mọ́ inú ìkarahun, lẹ́yìn náà ni ẹja méjì ń gòkè wá ya ẹnu lójú omi. Bàbà ni wọ́n pò mọ́ síńkì tí ó di idẹ, bàbà tí ó bá sì yọ́ sínú omi, bí ó tilẹ̀ kéré, májèlé ni fún ẹja, ti ìṣáwùrú àti edé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yọ agogo náà, mo ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹja yè, ṣùgbọ́n ìṣáwùrú mẹ́ta kú. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù báyìí ni ìkòkò amọ̀ tí wọ́n sun nínú iná, tí wọn kò fi ọ̀dà tàbí ohun dídán kùn. Bí ó bá ti là, ẹ fi òkúta ha etí ibi tí ó ti fọ́ kí ó má baà ya lẹbẹ ẹja, kí ẹ sì dà á dé. Ẹja tí ẹ̀rù ń bà yóò fi ṣe ilé. Kí ó ṣáà má jẹ́ èyí tí a ti fi se ọbẹ̀ rí, nítorí amọ̀ a máa mu epo àti iyọ̀ sára. Ife dígí lásán náà dára, ṣùgbọ́n òjé lè wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ya àwòrán sí òmíràn lára.

Ní ti òkúta, akọ òkúta tí ó yí wa ká nílùú yìí kì í ba omi jẹ́. Irú òkúta Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni kí a ṣọ́ra fún, àti owó ẹyọ àti ìkarahun ìgbín pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń sọ omi di líle, irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ẹja adágún Tanganyika ní ìlà-oòrùn Áfíríkà fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn kò fẹ́ ẹ. Ẹ kán fínígà sí òkúta lórí; bí ó bá ń hó, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo fi ń fọ ohun tuntun, n kì í fi ọṣẹ kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rẹ ẹ́ sínú korobá fún ọ̀sẹ̀ kan, bí omi bá yí àwọ̀, tàbí tí nǹkan bí epo bá léfòó, kò wọ àpótí mọ́. Idẹ àti bàbà kì í fara hàn nínú korobá, nítorí náà n kì í dán wọn wò rárá. Agogo náà wà lórí tábìlì lẹ́yìn àpótí báyìí, ẹni tí ó bá sì wo inú omi yóò rí i.