Ọ̀gá Atọ́tíwò Dé Cologne

Ẹ mọ irú wọn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú tó gbé wọn dé Jámánì ò tíì tutù, ife bíà ti hàn lórí sítátọ́ọ̀sì wọn. Ife tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, aago ńlá lọ́rùn ọwọ́, kàtídírà Cologne lẹ́yìn, ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1248 tí wọn ò kọ́ tán títí di 1880. Lábẹ́ fọ́tò ni ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n wà: "Ó fúyẹ́, ó mọ́, òórùn èso ń ta sánsán níbẹ̀." Ẹ gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ síwájú ẹni yìí kan náà nílé, ẹ ó gbọ́ pé àwọn kì í mu ọtí ará oko.

Ọ̀gá Atọ́tíwò, ẹ kú ìnáwó o. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé nínú gbogbo bíà tí èèyàn lè fi ṣe fáàrí, Kölsch ni wọ́n lọ mú, bíà ìlú Cologne tí kò gba fáàrí rárá. Stange ni orúkọ ife rẹ̀, sẹ̀ǹtílítà 20 péré ló sì ń gbà. Ìgò ńlá tí a mọ̀ nílé jẹ́ 60, ìyẹn ni pé ife mẹ́ta ló wà nínú ìgò kan. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe àwọn ará Cologne. Láwọn ilé ọtí àtijọ́ tó wà níbẹ̀, inú àgbá ni bíà ti ń ṣàn wá fúnra rẹ̀, láìsí gáàsì tó ń tì í jáde. Ìfófó rẹ̀ kì í pẹ́ rọ, ara ife náà sì fẹ́lẹ́, kíá ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí ife bá tóbi, ìdajì tó wà nísàlẹ̀ á ti kú kí ọ̀fun tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bù ú níwọ̀nba èyí tẹ́nu lè gbé mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kí tútù míì tó ṣì ń hó tún dé.

Ẹ wá wo ọ̀gá. Fọ́tò kìn-ín-ní, iná ò tó. Ìkejì, ife hàn, aago ò hàn. Ìkẹta, ẹnì kan gba iwájú kàtídírà kọjá. Wọ́n yí àga padà, wọ́n ní kí òyìnbó tó wà nítòsí bá àwọn yà á. Kí wọ́n tó rí èyí tó wù wọ́n, ìfófó tó ga tó ìka méjì ti di òrùka funfun tín-ínrín létí ife, bíà ti gbóná. Ìgbà náà ni wọ́n tó fẹnu kàn án. Wọ́n dijú, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó fúyẹ́. Ṣé ó lè ṣe kó má fúyẹ́?

Ojú nìkan ló sì fúyẹ́ sí. Agbára inú rẹ̀ tó bíi 4.8%, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bíà tí ẹ ń rà ládùúgbò. Ó kàn pọ́n rúsúrúsú ni, kò korò jù, ọ̀fun sì ń gbà á wọlé wẹ́rẹ́. Ife mẹ́sàn-án jẹ́ ìgò ńlá mẹ́ta. Ẹni tí ìgò kejì ti ń mú kó máa ki oríkì ara rẹ̀ l'Ágége, tó bá lóun ń mu "ife ọmọdé" ní Cologne, á wá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé lager gidi ni Kölsch. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ bíà pọn, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ìwúkàrà Kölsch jẹ́ irú èyí tó ń léfòó, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ló fẹ́, bíi 15 sí 20 lórí ìwọ̀n Celsius. Ti lager ń rì sísàlẹ̀, òtútù ló sì fẹ́. Lẹ́yìn tí Kölsch bá ti hó tán ni wọ́n ń gbé e sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè mọ́, òtútù ìkẹyìn yìí ló sì ń tan ọ̀gá jẹ. Lọ́dún 1986, ilé-iṣẹ́ apọnbíà 24 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, agbègbè Cologne sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pọn ọ́n. Èyí tí wọn ò bá sẹ́, Wiess ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀dọ̀ agbọ́tí leré wà. Köbes ni wọ́n ń pè é. Aṣọ aláwọ̀ aró ló ń wọ̀, àpò owó aláwọ wà ní ìbàdí rẹ̀, ó gbé tìréè rìbìtì tó ní ọwọ́ láàárín dání, ife bíi méjìlá jókòó sínú ihò ara rẹ̀. Kì í béèrè nǹkan kan. Ife yín ti gbẹ, ó gbé òmíràn kalẹ̀, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sára páálí tí ife jókòó lé, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ gbé páálí yẹn bo ẹnu ife. Ó parí. Ọ̀gá ò mọ̀yẹn. Wọ́n ní "No, thank you", ẹ̀yìn Köbes ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nílé tí wọ́n ti jáde, wọ́n kì í dá ohun tí a gbé síwájú ẹni padà, wọ́n bá tún dà á mì. Òmíràn tún dé. Wọ́n wá béèrè omi, Köbes sì lè bi wọ́n bóyá kóun mú ọṣẹ àti táwẹ́ẹ̀lì wá pẹ̀lú rẹ̀. Ojú wọn á korò, wọ́n á ní torí àwọ̀ àwọn ni. Rárá o, bí olórí ìlú náà bá jókòó síbẹ̀, irú rẹ̀ ló máa gbà. Ẹnu mímú wà lára iṣẹ́ ọkùnrin yẹn. Ẹ dá àwàdà padà fún un, á fẹ́ràn yín.

Ebi wá ń pa wọ́n. Wọ́n rí Halve Hahn, ìyẹn "ìdajì àkùkọ", lórí mẹ́nù, wọ́n ti ń fọwọ́ de àkùkọ yíyan. Búrẹ́dì kékeré ọkà rye ló dé, pẹ̀lú bọ́tà, wàràkàṣì Gouda tó nípọn, àlùbọ́sà àti músítádì. Kò sádìyẹ, kò sáta. (Ó sì bá bíà náà lọ dáadáa, ká má purọ́.) Kölsche Kaviar ní tiẹ̀, sọ́sééjì ẹ̀jẹ̀ ni, kí ẹni tí ìjọ rẹ̀ ka ẹ̀jẹ̀ léèwọ̀ yáa ṣọ́ra.

Ó kan owó sísan, páálí ò sí lórí tábìlì mọ́. Ó ti wọ báàgì ọ̀gá! Wọ́n ní ó dáa fún ìrántí, àwọn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ firíìjì. Ìwé gbèsè ni wọ́n jí gbé yẹn o. Nígbà tó jáde, ìlà mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń búra pé ife mẹ́fà làwọn mu.

Lọ́la, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Düsseldorf, kò ju bíi kìlómítà 40 lọ. Altbier tó dúdú díẹ̀ lọtí tibẹ̀, ìlú méjèèjì sì ti ń fi bíà ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀gá á jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀, wọ́n á nu ojú fóònù, wọ́n á wá fohùn rara sọ fún agbọ́tí pé Kölsch ni kó gbé wá.