Ẹ fi sùúrù Jalen Hurts sílẹ̀, ẹ wo sátífíkéètì ẹ̀

Látìgbà tí Jalen Hurts, quarterback Philadelphia Eagles, àti tíìmù ẹ̀ ti na Kansas City 40 sí 22 ní Super Bowl ọdún 2025, ìyẹn àṣekágbá football àwọn ará Amẹ́ríkà, kò tíì sí ẹni tó fẹ́ wàásù sùúrù tí ò ní fa orúkọ ọmọ yẹn yọ. Pásítọ̀ ń fà á yọ, àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń fà á yọ, wọ́n á ní wọ́n yọ ọ́ nínú gẹ́ẹ̀mù lójú gbogbo ayé, kò bínú, kò bú ẹnikẹ́ni, ó fara dà á, Ọlọ́run wá gbé e ga. A ti gbọ́. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn yẹn, àmọ́ ibi tí wọ́n máa ń fò níbẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù.

Houston ni mò ń gbé. Channelview tí ọmọ náà ti ṣe high school ò jìnnà sí wa, téèyàn bá gba I-10 kọjú sí ìlà oòrùn ó ti débẹ̀, àdúgbò táwọn ilé iṣẹ́ epo àti kẹ́míkà pọ̀ sí ni. Bàbá ẹ̀ ni kóòṣì bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ìyá ẹ̀ náà, ilé ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́ (ẹ fi ìyẹn sọ́kàn). Kó tó kúrò ní high school ó ti ń gbé irin 500 pọ́ùn léjìká, á lóṣòó, á tún dìde. Àpò ìrẹsì oní 50 kílò mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn o, lórí ọmọ ọlọ́mọ!

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ gẹ́ẹ̀mù yìí, quarterback lẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́, àwọn òmìrán mẹ́rin márùn-ún á máa sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀, kéèyàn tó ka ení èjì ẹ̀ta ó ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa jù ú sí tàbí kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tí tíìmù bá ṣubú, òun ni wọ́n á bú.

Ó wọ Yunifásítì Alabama ní 2016. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ ẹ̀, ó jábọ́. Ẹlòmíì á ti máa gbọ̀n, òun kọ́, wọ́n na yunifásítì USC 52 sí 6 lọ́jọ́ náà, bó ṣe di quarterback wọn nìyẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì ti tó ọdún 32 tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ní Alabama. Gẹ́ẹ̀mù 28 tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún méjì, 26 ni wọ́n borí.

Wá gbọ́ o. January 8, 2018, àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, Mercedes-Benz Stadium ní Atlanta, Yunifásítì Georgia ń na Alabama 13 sí òdo. Wọ́n wọlé lọ sinmi, ìgbà tí wọ́n máa jáde, Tua Tagovailoa, quarterback kejì wọn, ló dé àṣíborí, Hurts wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba ipò ẹ̀. Wọ́n borí 26 sí 23.

Ibi táwọn oníwàásù ń fò rèé. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá kó lọ sí yunifásítì míì á jókòó ọdún kan gbáko kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù, àfi ẹni tó bá ti gboyè. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní Hurts bínú kó ẹrù ẹ̀ ní January yẹn, bẹ́ǹṣì ló máa lọ jókòó sí níbòmíì. Tó bá dúró, bẹ́ǹṣì náà ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ti Alabama ní dìgírì nídìí. Ó dúró, ó fi ọdún mẹ́ta ka ti ọdún mẹ́rin, December 2018 ó gboyè, ó kó lọ sí Oklahoma, kò jókòó ọjọ́ kan. Sùúrù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tíṣà ló ṣe é, ìṣirò lèmi rí.

Kódà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó gboyè, wọ́n tún padà sí Atlanta, stadium kan náà, Georgia kan náà. Tua fẹsẹ̀ pa, Georgia ń fi 28 sí 21 ṣíwájú, ni wọ́n bá ní Hurts dà. Ó ju bọ́ọ̀lù kan sí Jerry Jeudy, ọmọ tíìmù ẹ̀, ó di touchdown (ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé ìparí pápá), wọ́n dọ́gba, nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ó ki bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá, ó sáré gbé e wọlé fúnra ẹ̀. 35 sí 28. Nick Saban, kóòṣì Alabama, tó máa ń le bí òkúta, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà sunkún ní pálọ̀, ọkọ mi ní ṣé mo mọ̀ ọ́n ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní Oklahoma, ó ju touchdown 32, ó tún fẹsẹ̀ gbé 20 wọlé, ó ṣe ipò kejì nínú Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù. Ta ló gbapò kìíní? Joe Burrow ti LSU (yunifásítì kan ní Louisiana), òun náà ti jókòó sí bẹ́ǹṣì yunifásítì Ohio State, ó gboyè lọ́dún mẹ́ta, ó sì gbé sátífíkéètì ẹ̀ dání lọ sí Louisiana ní 2018 láì jókòó. Àwọn méjèèjì wá pàdé ní December 28, 2019, Atlanta yẹn náà! Burrow ju touchdown méje kí wọ́n tó lọ sinmi, ó na àwa tá a wà lẹ́yìn Hurts bí ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, 63 sí 28. Ẹ ṣáà máa pè é ní sùúrù.

Òfin yẹn ti yí o. Láti 2021 ọmọ lè kó lọ láì jókòó, ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà kí wọ́n máa fi orúkọ wọn pawó, èyí tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ìwé ò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́ nínú gẹ́ẹ̀mù yìí, kò sẹ́ni tó nílò ẹ̀ kó tó lè kó lọ, ìyẹn ló ń dùn mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, 16 years, tó ń gbá a ní high school níbí, ti mọ iye tí wọ́n ń san fún quarterback, kò mọ ohun tóun fẹ́ lọ kà. Mo ní ṣó mọ̀ pé 2023 tí Eagles fún Hurts ní àdéhùn mílíọ̀nù 255 dọ́là lọ́dún márùn-ún, ọdún yẹn náà ló gba master's ní Oklahoma. Ó dákẹ́, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní kó lọ bi í. Ó sì bi í lóòótọ́ lórí Instagram. A ṣì ń retí èsì.