Omijé Inú Ọ̀rá ní Gbẹrẹfu

Ó yẹ kí á kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wa kú iṣẹ́. Iṣẹ́ takuntakun ni kí ènìyàn jí ní ìdájí Sátidé ní Súrùlérè tàbí Ìkẹjà, kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ irun ìpéǹpéjú tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ojú, kí ó bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti ọdún 2009, kí ó máa ti inú kòtò kan bọ́ sí òmíràn, kí irun ìpéǹpéjú náà sì bá a dé ọ̀dọ̀ wa láìyẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí kò kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí mọ̀ wọ́n dáadáa: bọ́ọ̀sì wọn a dúró sí etí ọ̀sà láìpa ẹ́ńjìnì, wọn a sọ̀ kalẹ̀ nínú tíṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, amọ̀nà a pàtẹ́wọ́ títí kí wọ́n tó kọjú sí i, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò sì béèrè ni bóyá nẹ́tíwọ̀kì wà ní erékùṣù tí wọ́n ń lọ.

Èmi fúnra mi wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹrẹfu ní Sátidé tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ àgbọn; n kò bá ti ìtàn kankan lọ. Ní etí òkun, ní Ibi Àlọ-Àìbọ̀, ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mọ síbẹ̀ láti fi rántí àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ wọ ọkọ̀ òyìnbó, ni mo ti bá ọmọbìnrin kan tí ó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Adé tí ń dán wà ní orí rẹ̀, ọ̀já aláwọ̀ wúrà tí wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí kọjá ní àyà rẹ̀, ó sì ti bọ́ bàtà nítorí afọ́tò sọ fún un pé àwọn ẹrú kò wọ bàtà. Mo gbóríyìn fún ìwádìí ìjìnlẹ̀ yẹn. Afọ́tò ní kí ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, kí ó ronú kan àwọn baba ńlá rẹ̀, kí ó sì sunkún. Ó ronú. Gbogbo wa dúró. Kò sí ohun tí ó jáde.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá fi eyín ya igun ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ó gbé orí ọlọ́jọ́ ìbí sókè, ó sì kán omi sí i lójú. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ pọ̀ jù. Ó jọ ẹni tí òjò pa ju ẹni tí ìbànújẹ́ mú lọ, ó sì gbá tìróò lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni wọ́n bá fi tíṣù nu gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n tún àtíkè kùn, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán kejì wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ni ó bọ́ sí, ọlọ́jọ́ ìbí sì ti sọ láti ilé pé ìhà òsì ni kí wọ́n máa yà fún òun. Ẹ̀kán kẹta bọ́ sí ojú òsì, atẹ́gùn òkun sì gbẹ ẹ́ kí afọ́tò tó ráyè tẹ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ náà ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́: ó fi àtàǹpàkò dí ihò ọ̀rá, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ afọ́tò, wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, omijé bọ́, wọ́n yà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Àwọn yòókù tò sí ẹ̀yìn, kálukú fẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan béèrè bóyá omi náà tutù. Nígbà tí ọ̀rá kìíní tán, wọ́n ra òmíràn lọ́wọ́ ìyá Egùn kan tí ó ń ta àgbọn. Ìyá náà wo ohun tí wọ́n ń fi omi ṣe, ó sì fi owó lé e lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé òkun Àtìláńtíìkì wà lẹ́yìn wọn gbalasa, omi iyọ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni, kò lè tán, kò sì sí ohun tí ó jọ omijé tó o ní gbogbo ayé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bojú wẹ̀yìn. Mo ń retí ọjọ́ tí wọn yóò kúkú fi omijé kún owó ìrìn-àjò, kí ó wà lórí ìwé: ọkọ̀ ojú omi ní àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, omijé ojú méjèèjì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, kí ó gba ti ojú kan.

Amọ̀nà wọn, ọmọ ìlú wa tí mo mọ ìyá rẹ̀, dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo àkókò yìí. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní ojú ọ̀nà oníyanrìn tí ó lọ sí etí òkun, ó ti fi kànga hàn wọ́n, èyí tí ìtàn sọ pé wọ́n máa ń bu omi rẹ̀ fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn tiwa kò tọ́ ọ wò, síbẹ̀ wọ́n ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ ní ọjà Vlekete kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Mo mọ̀, nítorí mo bi ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn léèrè ohun tí wọ́n ń tà ní Vlekete ní ayé àtijọ́, ó sì fi gbogbo ẹnu dáhùn pé aṣọ ni. Ènìyàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Àánú ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, ni ó máa ń ṣe mí jù. Ogójì yàrá ni ó wà níbẹ̀, ogójì ènìyàn ni wọ́n sì ń kó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Amọ̀nà a sọ pé agboòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ogójì ẹrú. Níbi tí ó yẹ kí gbogbo ẹnu ti pa dé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ní kí ó gbé ẹ̀wọ̀n wá. Wọn a gbé irin tí ó ti jẹ ọrùn ọmọ ẹlòmíràn kọ́ ọrùn ara wọn, wọn a na ìka méjì sókè, wọn a rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn a sì béèrè ibi tí òun ti lè fi fóònù sí iná.

N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn béèrè ìbéèrè gidi. Ọdún 1807 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin tí ó fi òpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn ènìyàn tiwọn. Báwo ni ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1840 ṣe wá ń kó ẹrú? Ta ni ó ń rà wọ́n nígbà náà, ta sì ni ó ń fà wọ́n wá láti òkè? Sẹ̀ríkí fúnra rẹ̀, ọmọ Ìjọgà-Orílé ní ìhà Ìlaròó, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó gbọ́ èdè òyìnbó, ó padà wá di ẹni tí ń ta ènìyàn bíi tirẹ̀, ó là, ó joyè, ó kú ní 1919, sàréè rẹ̀ sì wà nínú ọgbà ilé náà títí di òní. Ẹrú tí ó padà wá ta ẹrú! Ìtàn yìí tó kí ènìyàn jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó má sì lè dìde fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe é yà ní fọ́tò, ó sì ń tọ́ka sí agbo ilé tiwa, sí àwọn baba tiwa tí wọ́n gba agboòrùn. Kíkán omi sí ojú rọrùn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bí ó ṣe rí lọ́kàn mi: ìranù ni. Ìranù tí a wọ aṣọ fún ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àwọn wọ̀nyí kò bá ìtàn, wọn kò bá àrọ́bá, afọ́tò nìkan ni wọ́n bá. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín ní Àgbádárìgì. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí Sàngbétò, eégún àwọn Egùn, bá ń pòyì níwájú wa, àwọn arúgbó pàápàá a máa hó yèè. Ṣùgbọ́n a kì í ra ẹkún, a kì í sì í fi ẹ̀wọ̀n òkú ṣe ẹ̀gbà ọrùn.

Nígbà tí àwa wà ní ilé ìwé, olùkọ́ wa kò ní ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹgba ni ó ní. Yóò to wa ní méjì méjì, yóò mú wa rìn nínú oòrùn láti ilé ìwé dé ìdí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, yóò sì dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí ọ̀kan nínú wa yóò fi sọ pé ní 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Láti ibẹ̀, ó di ibi tí igi Àgíà wà kí ó tó wó ní 1959. Ta ni ó wàásù ìyìn rere lábẹ́ igi náà ní 1842? Ẹni tí ó bá dárúkọ Freeman láìdárúkọ Townsend gba ẹgba kan. Ẹni tí ó bá dárúkọ Townsend láìdárúkọ Freeman gba méjì, nítorí pé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ìjọ Freeman, ni olùkọ́ wa ń lọ. N kò sọ pé ó dára. Mo ń sọ pé títí di òní, bí ẹ bá jí mi ní òru, n ó dárúkọ àwọn méjèèjì kí n tó la ojú.

Ọ̀rọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ilé àwọn míṣọ́nnárì, ni ó tilẹ̀ yẹ kí ó mú wọn sunkún, bí ó bá jẹ́ ẹkún ni wọ́n wá lóòótọ́. Ajàyí Crowther wà lára àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1846 ó kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì ti fojú kan ìyá rẹ̀, Àfálà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ńlá ńlá sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti gbẹ. Kò sí ẹni tí ó di ọ̀rá omi mú níbẹ̀. Mo ti wo àwọn arìnrìn-àjò yìí bí amọ̀nà ṣe ń sọ ìtàn náà fún wọn lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan ń bá ara wọn jiyàn lórí ibi tí wọn yóò ti jẹ ẹja yíyan.

Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi, n kò sì ní fi bò. Ilé bàbá mi wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí etí ọ̀sà. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, mo gbà; fáráńdà rẹ̀ ti là ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó síbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹja, ni ọ̀wọ́ wọn bá yà sí ọ̀dọ̀ mi. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí wa, ẹ máa jẹun lọ.” Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà pé ọdún wo ni wọ́n ti ń tọ́jú ilé yìí báyìí. Amọ̀nà, dípò kí ó sọ pé ènìyàn ń gbé níbẹ̀, kí ó sọ pé ẹni yìí mọ ìyá mi, ńṣe ni ó mi orí, ó ní, “Ó ti pẹ́ gan-an.” Wọ́n yà mí níwájú, wọ́n yà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n gbé orí ẹja sókè díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀kan nínú wọn fi igba náírà sí ẹsẹ̀ mi. Mo mú owó náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí.

Nítorí náà, láti Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni yíya fọ́tò ní iwájú ilé mi, bí mo bá ń jẹun tàbí bí n kò jẹun. Ẹni tí ó bá dárúkọ Freeman àti Townsend, tí ó sì mọ ohun tí wọ́n ń tà ní Vlekete, yóò san ìdajì. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rá omi lọ́wọ́ kò ní wọlé rárá. Amọ̀nà yóò san ẹgbẹ̀rún méjì.